Ẹni Tó Ka Omi Lọ́sàn-án Ọjọ́ Jímọ̀

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: èmi kì í ṣe ẹni tó máa ń rí ìran. Ara mi le lọ́jọ́ náà, oúnjẹ wà nínú mi, mi ò sì fi ọtí kan ẹnu rí láyé mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ, ọwọ́ mi yìí náà ló sì fi í ránṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ gbà á gbọ́. Bí ẹ ò bá fẹ́, ẹ ṣáà jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Àwọn èèyàn máa ń rò pé òru nìkan ni irú nǹkan báyìí ń ṣẹlẹ̀. Irọ́ ni. Ìyá tó bí ìyá mi máa ń sọ fún wa nígbà tá a wà lọ́mọdé pé ọ̀sán gangan ló yẹ kéèyàn ṣọ́ra fún, nígbà tí òjìji èèyàn bá wọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá pè ọ́ nígbà yẹn, tó ò rí ẹni tó pè ọ́, má dáhùn. Ó ní ẹni tó bá dáhùn ti yá ẹni tí kò ní ohùn mọ́ ní ohùn tirẹ̀. Mo máa ń fi ìyá yẹn rẹ́rìn-ín. Mi ò fi í rẹ́rìn-ín mọ́.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe gan-an ló kó bá mi, nítorí pé dídáhùn ni iṣẹ́ mi.

Ọ́fíìsì kékeré kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkòsì, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta páìpù. Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n, kò sí pátákó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ohun tí à ń ṣe níbẹ̀ ni pé à ń ṣọ́ òkun. Ẹ má rẹ́rìn-ín. À ń wo bó ṣe ga tó, bó ṣe fà sẹ́yìn tó, bó ṣe gbóná tó àti bí iyọ̀ inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ohun tá a bá rí, a ó fi ránṣẹ́ sáwọn onímọ̀ níbi gbogbo láyé, àwọn náà á fi tiwa pọ̀ mọ́ tàwọn ẹlòmíì, kí wọ́n lè mọ ohun tí òkun ń gbèrò. A ó sì tún fi ránṣẹ́ sáwọn tí ọ̀rọ̀ kàn nítòsí: àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi, àwọn tó ń wa yanrìn, àwọn ará Agílítí àti Àgbóyì létí omi, àti àwọn oníṣòwò ọjà Mile 12.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ bi mí. Gbogbo èèyàn ló máa ń bi í. Kí ló kan òkun ní Mile 12? Òórùn àlùbọ́sà àti tòmátì tó ti ń rà léèyàn ń gbọ́ níbẹ̀, ibo ni òkun wà?

Aunty Sàfú ló kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ tó yé mi. Òun ni ọ̀gá mi nígbà náà, òun ló sì dá ọ́fíìsì náà sílẹ̀. Ó ní Odò Ògùn ń bọ̀ látòkè, ó ń gba ẹ̀yìn Mile 12 kọjá, ó ń wọ inú ọ̀sà, ọ̀sà ló sì ń sìn ín lọ bá òkun. Òkun ni onílé. Bí onílé bá ṣílẹ̀kùn, àlejò á wọlé lọ, ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n bí òkun bá kún, tó tilẹ̀kùn mọ́ odò, tí òjò sì ti rọ̀ lókè, odò á ṣẹ́rí padà, á wá máa wá ibi tó máa sùn sí nínú yàrá àwọn èèyàn. Ó ní ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń ta ata ní Mile 12 fi gbọ́dọ̀ mọ bí òkun ṣe jí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ fún yín nípa obìnrin yìí, torí mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, mi ò sì ní í fi bò. Obìnrin kúkurú ni, ó dúdú, ó máa ń wọ bàtà òjò sábẹ́ ìró àǹkárá. Gbogbo Kétu, àdúgbò wa, ló mọ bàtà náà. Ó ti kàwé nípa òkun débi tí ìwé ń parí sí, ó sì ti wọ ọkọ̀ dé àárín agbami, níbi tí ojú ò ti lè rí ilẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, tó bá dé ọjà, á jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ tòmátì láàárín àwọn ìyá ọlọ́jà tí wọ́n ń polówó ata, á máa bá wọn sọ̀rọ̀ òkun títí wọ́n á fi gbàgbé oníbàárà. Ó ní ohun tí ojú rí tí ẹnu ò sọ, bí ẹni pé ojú ò rí i náà ni.

Bá a ṣe ń ṣe é nìyí. A ní ẹ̀rọ kan létí òkun tó máa ń fi ìròyìn ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. A tún ní òpó tí wọ́n rì mọ́ ìsàlẹ̀ omi, ọ̀kan ní Àgbóyì, èkejì níbi tí omi odò ti ń wọ inú ọ̀sà. Aunty Sàfú ló kun àwọn òpó náà lọ́dà fúnra rẹ̀: funfun nísàlẹ̀, yẹ́lò láàárín, pupa lókè. Nọ́ńbà wà lára wọn fáwọn onímọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dà yẹn wà fún gbogbo ayé. Bí omi bá wà ní funfun, máa tajà rẹ. Bó bá dé yẹ́lò, máa bojú wẹ̀yìn. Bó bá dé pupa, gbé ẹrù rẹ.

Kíka omi la máa ń pe iṣẹ́ náà. Ará Àgbóyì tó ń ka tibẹ̀ máa ń fi fóònù pè wá. Ṣùgbọ́n fóònù kì í wọlé dáadáa lójú ọ̀sà, nítorí náà rédíò ọwọ́ là ń lò fún òpó ọ̀sà, irú èyí táwọn ẹ̀ṣọ́ máa ń tẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Méjì péré ni: ọ̀kan lórí tábìlì mi, èkejì lọ́wọ́ Aunty Sàfú, torí òun fúnra rẹ̀ ló máa ń ka òpó yẹn. Á sọ ohun tó rí. Èmi á dáhùn, màá ka ohun tí mo gbọ́ padà fún un. Òun á wá sọ pé, “Ó dúró.”

Bí ẹni tó wà lójú omi kò bá sọ pé ó dúró, a ò gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni. Bó bá sì ti sọ pé ó dúró, a ò gbọ́dọ̀ fi pa mọ́ fẹ́nikẹ́ni. Òfin ilé wa nìyẹn. Kò sì sí ìròyìn tó ń jáde lọ́dọ̀ wa tí a kì í kọ orúkọ ẹni tó kà á sí. Aunty Sàfú ló fi dandan lé e. Ó ní omi kì í parọ́, èèyàn ló ń parọ́, nítorí náà kí wọ́n mọ èèyàn tó sọ ọ́.

Ó tún ní àṣà kan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Kó tó ka omi, á kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, á fi ìka kan ahọ́n. Ẹ̀rọ tó ń wọn iyọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ o, ó sì ń lò ó. Ó kàn ní kí òun àti omi kí ara àwọn ná.

Ó kú. Àìsàn ni, lórí ibùsùn rẹ̀ ní Mende, láàárín àwọn ọmọ rẹ̀. Omi kọ́ ló gbé e lọ, kí ẹ má baà máa rò ó sí nǹkan míì. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, àwọn alábàárù Mile 12 tí wọ́n gbọ́ sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n wá dúró lẹ́yìn ilé náà pẹ̀lú òṣùká lọ́rùn. Mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Àwọn ẹbí rẹ̀ dá rédíò rẹ̀ padà fún wa. Ọ̀gá Lékan, tó gba ipò rẹ̀, yọ bátìrì inú rẹ̀, ó sì tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ tó wà lábẹ́ tábìlì mi. Kò sẹ́ni tó gba òpó ọ̀sà. Kò pẹ́ sígbà náà, ọkọ̀ àwọn tó ń wa yanrìn forí sọ òpó ọ̀hún, ó wó. Sèmíù, ọlọ́kọ̀ tó máa ń gbé wa, ló wá sọ fún mi pé òun rí i tó ń léfòó lọ sápá Ògùdù. Ojoojúmọ́ là ń sọ pé a ó rì í padà. Ẹ ṣáà mọ bí “a ó ṣe é” ṣe máa ń rí nílùú yìí.

Ṣùgbọ́n mi ò pa rédíò tó wà lórí tábìlì mi. Mo máa ń fi iná sí i, mo máa ń nù ún, Ọ̀gá Lékan a sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ta ni mò ń retí. Ẹ má bi mí ìdí tí mi ò fi pa á. Èmi gan-an ò mọ̀.

Nígbà tó yá, a fi ìròyìn òdì ránṣẹ́. Koríko òkun ló lọ dì mọ́ ẹ̀rọ etí òkun, ẹ̀rọ wá sọ pé òkun ti kún, a sì ké sáwọn ọlọ́jà, láìsí ẹni tó ní ó dúró, pé kí wọ́n gbé ẹrù. Wọ́n gbé e. Omi ò wá. Tòmátì wà nínú oòrùn lójú títì títí tó fi rà. Alhaja Rámátù, olórí àwọn tó ń ta ata àti tòmátì ní apá ìsàlẹ̀ ọjà, pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò pariwo mọ́ mi, ì bá tiẹ̀ sàn kó pariwo. Ó ní Sàfú ò ṣe irú ẹ̀ sáwọn rí. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù fún wa. Bí a bá tún dà wọ́n láàmú lásán, wọ́n á yọ wá kúrò lórí fóònù wọn, kò sì ní sí ẹni táá tún fetí sí ọ̀rọ̀ òkun ní Mile 12 mọ́.

Ẹ fi èyí sọ́kàn. Gbogbo ohun tí Aunty Sàfú fi ayé rẹ̀ ṣe, ẹ̀ẹ̀kan péré ló so mọ́.

Ó wá di ọjọ́ Jímọ̀ tí mò ń sọ.

Òjò ti ń rọ̀ lókè láti bí ọjọ́ mélòó kan, Odò Ògùn ti wú, ó ti pọ́n bí ẹrẹ̀. Ẹ̀rọ etí òkun sì ti dákẹ́ láti àná ọjọ́ náà, a ò mọ ohun tó ṣe é. Ará Àgbóyì ti pè láàárọ̀ pé yẹ́lò lomi wà. Yẹ́lò ò burú lásìkò òjò. Ọ̀gá Lékan ti lọ kírun. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù páìpù náà ti tilẹ̀kùn, wọ́n ti lọ. Gbogbo àdúgbò dákẹ́, ìyẹn kì í sì í ṣe àṣà Ìkòsì.

Mo jẹ mọ́ínmọ́ín mi tán, mo ń fi bébà nu ọwọ́. Òjò dá, oòrùn sì yọ lójijì. Mo wo bárándà. Àga kan wà níbẹ̀. Mo rí i pé òjìji rẹ̀ ti wọ abẹ́ rẹ̀ lọ pátápátá. Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà sọ sí mi lọ́kàn, mo ṣáà kàn rẹ́rìn-ín.

Rédíò dún.

“Ìkòsì, Ìkòsì. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?”

Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò ronú. Ọdún mélòó ni mo ti ń ṣe é? Ọwọ́ mi ti tẹ rédíò kí orí mi tó débẹ̀.

“Ìkòsì ń gbọ́.”

“Òpó ọ̀sà. Omi wà lórí pupa, ó ń gòkè. Iyọ̀ wà nínú rẹ̀.”

Ohùn náà lọ sílẹ̀ gan-an, bíi tẹni tó ń sọ̀rọ̀ nítòsí ọmọ tó ń sùn. Mo gbọ́ omi tó ń lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Èmi náà, bí mo ṣe máa ń ṣe, kà á padà. Òpó ọ̀sà, omi lórí pupa, ó ń gòkè, iyọ̀ wà nínú rẹ̀.

“Ó dúró.”

Ìgbà yẹn ni ara mi tó mọ ohun tí mo ṣe. Òpó wo? Òpó ọ̀sà ò sí níbẹ̀ mọ́. Rédíò wo ló sì lè bá tèmi sọ̀rọ̀? Ẹnì kan ṣoṣo ló sì wà láyé yìí tó máa ń fa “ó dúró” báyẹn, bí ẹni tó ń rọra gbé ìkòkò kalẹ̀.

Mo tún tẹ rédíò.

“Aunty?”

Omi nìkan ló dá mi lóhùn fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ohùn náà béèrè nǹkan kan tí mi ò ní gbàgbé títí mo fi máa kú.

“Ta ló ń ka omi níbí báyìí?”

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ṣé kí n sọ pé kò sẹ́ni? Mo di rédíò mú, omijé ń bọ́ lójú mi, ẹ̀rù ń bà mí, ojú sì tún ń tì mí, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Rédíò ké ráúráú, ó dákẹ́.

Mo wá kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀, mo ṣí i. Èkejì rédíò wà níbi tí Ọ̀gá Lékan fi í sí, kò sí bátìrì nínú rẹ̀. Mo mú un jáde. Nǹkan funfun kan ti gbẹ mọ́ ojú ibi téèyàn ń sọ̀rọ̀ sí. Mo fi ìka kàn án, mo fi ìka kan ahọ́n.

Iyọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí iyọ̀ túmọ̀ sí fẹ́ni tó bá ń ṣe iṣẹ́ wa. Lásìkò òjò, omi ọ̀sà níbi tí òpó yẹn wà kì í níyọ̀. Omi òjò àti omi odò á ti lé omi òkun lọ. Bí iyọ̀ bá wá wà níbẹ̀ lásìkò òjò, òkun ló ń fi agbára wọlé. Ó ti tilẹ̀kùn. Odò tó sì ń bọ̀ látòkè, tó wú bẹ́ẹ̀, kò ní rí ibi gbà. Bí òkú bá máa sọ̀rọ̀, ó lè sọ̀rọ̀ nípa ilé, nípa ọmọ, nípa ẹni tó jẹ gbèsè. Èyí tó bá mi sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ló ń ṣe, kò sì fo ohunkóhun nínú bó ṣe máa ń ṣe é.

Mo pe Ọ̀gá Lékan, ó ti pa fóònù. Mo pe Sèmíù bóyá ó wà lójú omi, òun náà wà ní mọ́ṣáláṣí. Ó wá ku èmi nìkan. Bí mo bá fi ránṣẹ́ tí omi ò wá, òkìkí Aunty Sàfú parí nìyẹn, èmi ni mo sì sin ín lẹ́ẹ̀kejì. Bí mi ò bá fi ránṣẹ́ tí omi wá, àwọn ọmọdé ń bẹ ní Agílítí tí wọ́n ń sùn sórí ilẹ̀ lọ́sàn-án.

Orúkọ ta ni kí n kọ sí i? Ó wá sí mi lọ́kàn pé kí n kọ orúkọ ará Àgbóyì. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́. Mo kọ tèmi, mo tún pa á rẹ́. Èmi kọ́ ni mo kà á. Níkẹyìn, mo kọ ọ́ bó ṣe rí: òpó ọ̀sà, omi lórí pupa, ó ń gòkè, iyọ̀ wà nínú rẹ̀, odò ò ní rọ́nà jáde, ẹ gbé ẹrù yín, ẹ kó ọmọ yín. Ẹni tó kà á: Sàfú. Mo tún fi ohùn sọ ọ́ fáwọn tí kì í kàwé. Mo fi ránṣẹ́.

Alhaja Rámátù pè mí kíákíá. Wúyẹ́wúyẹ́ lòun náà ń sọ̀rọ̀.

“Orúkọ ta lo kọ síbẹ̀ yẹn?”

“Òun ló kà á, mà.”

Ó sún mọ́ fóònù. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀.

“O kà á padà fún un?”

“Mo kà á padà.”

“Ó ní ó dúró?”

“Ó ní ó dúró, Alhaja.”

Mo rò pé á gégùn-ún fún mi. Mo rò pé á ní orí mi ti dàrú. Ohun tó sọ nìyí, mo sì fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí: “Sàfú ò tàn wá jẹ nígbà tó wà láyé. Ṣé ìgbà tó kú ló máa wá bẹ̀rẹ̀?” Ó pa fóònù.

Mo sáré sọ̀kalẹ̀, mo gun ọ̀kadà lọ sí Mile 12. Kí n tó débẹ̀, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ará, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Àwọn alábàárù ń ti ìrun bọ̀, ẹní ìkírun ṣì wà lábíyá àwọn míì, apẹ̀rẹ̀ ti wà lórí. Àwọn ìyá arúgbó ń fa àpò ata. Àwọn Hausa tó ń já àlùbọ́sà sílẹ̀ látinú tírélà béèrè lọ́wọ́ Alhaja pé ta ló sọ pé omi ń bọ̀. Ó dá wọn lóhùn pé, “Sàfú ni.” Àwọn náà mọ bàtà òjò yẹn. Olórí wọn ní “tò” lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìyẹn ni pé ó ti gbọ́, ó yí padà, ó sì ní káwọn ọmọ rẹ̀ dá àlùbọ́sà padà sínú ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó bi í pé ṣebí Sàfú ti kú.

Wọ́n kó gbogbo nǹkan gòkè tán. A dúró sójú títì, à ń wo ìsàlẹ̀ ọjà tó ti ṣófo. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Oòrùn ń ràn. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú mi, mo sì gbàdúrà kí ilẹ̀ lanu.

Alhaja Rámátù ló kọ́kọ́ rí i. Ó fọwọ́ kàn mí, ó nawọ́ sí gọ́tà. Omi gọ́tà yẹn, tó ti ń ṣàn lọ sódò láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ọjà sílẹ̀, ti dúró. Bí a ṣe ń wò ó, ewé kan tó wà lójú rẹ̀ rọra yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Kò pariwo. Omi kì í pariwo níbẹ̀, ẹ̀yìn ló máa ń gbà wọlé. Kí wọ́n tó pe ìrun mọ̀gáríbì, ó ti kan èèyàn nídìí ní ìsàlẹ̀ ọjà, pákó àtẹ ń léfòó káàkiri. Ní Agílítí, ó dé ojú fèrèsé. Ṣùgbọ́n àwọn ará Agílítí ti jáde pẹ̀lú ọmọ àti ẹní àti ewúrẹ́. Kò gbé ẹnikẹ́ni. Mo tún un sọ: omi yẹn ò gbé ẹnikẹ́ni lọ. Alhaja di ọwọ́ mi mú, ó ní kí Ọlọ́run fi àlìjánnà kẹ́ Sàfú. Gbogbo àwọn tó wà nítòsí ṣe àmín, àti mùsùlùmí àti onígbàgbọ́.

Nígbà tí wọ́n tún ẹ̀rọ etí òkun ṣe, a rí i pé bátìrì tó ń fi ìròyìn ránṣẹ́ nìkan ló kú, ẹ̀rọ náà ṣì ń kọ ohun tó ń rí sínú ara rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé òkun kún lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ náà ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀gá Lékan wò ó títí. Ó wá ní àwọn ò lè fi kíka òpó tí kò sí, látẹnu ẹni tí kò sí, ránṣẹ́ sáwọn onímọ̀. Inú bí mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a jà. Ṣùgbọ́n Aunty Sàfú fúnra rẹ̀ ló kọ́ wa pé ohun tí kò bá dá ọ lójú, má jù ú nù, má sì purọ́ pé ó dá ọ lójú. Fi àmì sí i, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn wá wò ó. Bá a ṣe fi í ránṣẹ́ nìyẹn, pẹ̀lú àmì pé kò dájú. Ó wà níbẹ̀ títí dòní, nínú ìwòye òkun gbogbo ayé, orúkọ rẹ̀ sì wà lára rẹ̀.

A ri òpó ọ̀sà padà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó bi mí ta ni yóò máa kà á. Mo ra bàtà òjò, mo sì fi bátìrì sínú rédíò Aunty Sàfú.

Jímọ̀ àkọ́kọ́ tí mo lọ, Sèmíù ló wa ọkọ̀. Mo ti ọwọ́ bọ omi, mo fi ìka kan ahọ́n. Kò níyọ̀. Mo tẹ rédíò, mo pe Ìkòsì, mo ní òpó ọ̀sà, omi wà ní funfun, kò níyọ̀. Mo ń retí kí Ọ̀gá Lékan kà á padà.

Òun kọ́ ló kà á.

Ohùn jẹ́jẹ́ kan kà á padà fún mi, láìfo ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ó ń dúró dè mí. Àjẹ̀ dá dúró lọ́wọ́ Sèmíù. Kò wò mí, omi ló ń wò, ètè rẹ̀ ń gbàdúrà. Mo rántí ìyá àgbà. Mo mọ̀ pé bí mo bá dáhùn lẹ́ẹ̀kejì yìí, kì í ṣe àìmọ̀ mọ́.

Mo ní, “Ó dúró.”

Bó ṣe ń rí ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ nìyẹn láti ìgbà náà. Ọ̀gá Lékan ò gbọ́ ohùn náà rí. Ó kàn máa ń ṣàròyé pé mo máa ń sọ pé ó dúró kí òun tó ka ohunkóhun padà. Mi ò tíì sọ fún un. Mi ò mọ ohun tí mo dáhùn sí, mi ò sì mọ ibi tó máa já. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí mo bá lọ, omi á ṣì máa gòkè, á sì máa sọ̀ kalẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa wò ó kó sì máa sọ ọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìsàlẹ̀ Kétu, ẹ̀yin ará Agílítí, ẹ̀yin ọlọ́jà Mile 12, ẹ gbọ́ mi. Lọ́jọ́ kan, ìròyìn á wọlé sórí fóònù yín pé omi ti dé pupa, orúkọ mi ni wọ́n á sì kọ sí i. Ẹ kọ́kọ́ gbé ẹrù yín. Ẹ kó àwọn ọmọ gòkè. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni kí ẹ tó béèrè bóyá mo ṣì wà láyé.